Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ohun Tó Ń Bà Wọ́n Lẹ́rù Kí Wọ́n Tó Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọjọ́ kan tí kì í sábà wọ inú ìròyìn: láti ìgbà tí dókítà bá ti sọ fún ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ pé iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣe é, títí di òwúrọ̀ tí wọ́n máa tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi.

Ní àwọn ọjọ́ yẹn, díẹ̀ ni ohun tí a kì í yẹ̀ wò lára aláìsàn. A ó wọn ìfúnpá rẹ̀, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, a ó ya àwòrán àyà rẹ̀, a ó béèrè oògùn tó ń lò àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Ta ló wá ń béèrè pé, “Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù nínú ohun tí a fẹ́ ṣe yìí?” Kò sí ìbéèrè yẹn nínú fọ́ọ̀mù tí à ń lò. Nọ́ọ̀sì tó bá ráyè á béèrè, èyí tí kò ráyè á kọjá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kàn.

Bí a bá sì béèrè, kì í ṣe ikú nìkan la máa ń gbọ́. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ gé ọmú rẹ̀ ń ro bí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe máa wò ó. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ yọ próstéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ń bẹ̀rù pé òun lè máà lè bá ìyàwó òun sùn mọ́, ojú sì ń tì í láti sọ ọ́ fún dókítà tí òun lè bí lọ́mọ. Ẹlòmíràn ń páyà pé òun lè ta jí nígbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lára òun. Wọ́n ti sọ fún ẹnì kan pé wọ́n máa lu ihò sí ikùn rẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò, bẹ́ẹ̀ kò sì fojú kan irú àpò bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ló gbà gbọ́ pé bí wọ́n bá ti la ara, tí atẹ́gùn fẹ́ sí jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò ràn ká gbogbo ara. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni ṣàlàyé fún òun lè tìtorí rẹ̀ sá kí ọjọ́ tó pé. Àwọn tó ń sá yìí ló ń dùn mí jù. “Kò wá” la máa ń kọ sínú fáìlì wọn. Nígbà tí àwọn kan bá fi máa padà, àìsàn náà á ti kọjá ohun tí ọ̀bẹ lè ràn.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àánú lásán lèyí, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1964, Lawrence Egbert, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 97 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni wọ́n dìídì torí rẹ̀ ṣe é, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n jókòó ti àwọn kan nínú wọn, wọ́n sọ ibi tí yóò ti máa dùn wọ́n, ìdí tí yóò fi dùn, bí wọn ó ṣe dẹ iṣan ikùn, àti bí wọn ó ṣe yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn apàrora tí àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lò tó ìdajì péré nínú tàwọn yòókù, wọ́n sì ṣáájú wọn lọ sílé. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe é o.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ń lo bébà tí wọ́n ya ìwọ̀n sí láti 0 dé 10, tí aláìsàn á fàmì sí ibi tí ìdààmú ọkàn rẹ̀ dé láàárín ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá fàmì sí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí ẹnì kan jókòó tì í. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò rí oorun sùn rárá, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju èyí lọ, dókítà ọpọlọ ló yẹ kó rí láìjáfara.

Agbára wa lè má gbé onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá fún gbogbo wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìyẹn dá wa dúró. Wọ́n gé ọmú Terese Lasser ní Amẹ́ríkà ní 1952, òun ló sì dá ètò tí wọ́n ń pè ní Reach to Recovery sílẹ̀, níbi tí obìnrin tó ti la iṣẹ́ abẹ náà kọjá ti ń lọ bẹ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wò. Mo ti rí i tí ẹni tó ń fi àpò sí ikùn káàkiri ṣí aṣọ rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣe tirẹ̀. Àlàyé tèmi kò lè ṣe ohun tí ìyẹn ṣe.

Ẹ̀yin ẹbí náà, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín sọ pé “Má rò ó, kò ní sí nǹkan kan.” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán ná.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn alákòóso ilé ìwòsàn fún kò pọ̀: kí ìbéèrè nípa ẹ̀rù wọ inú fọ́ọ̀mù, kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Alẹ́ tó ṣáájú ti pẹ́ jù. Nígbà yẹn, aláìsàn ti fọwọ́ síwèé, ojú sì ń tì í láti sọ pé ohun kan wà tí kò yé òun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ