Ẹ̀dá ìtàn tí kò mọ ilé tó ń gbé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Lórí àwọn ìtàn àròsọ tó dá lé ayé Ogun Kírìjì, ogun tó wáyé láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ (1877 sí 1893), ni mo ṣe kọ̀wé yìí. Èdè wọn dùn, ogun inú wọn gbóná, àmọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn ibẹ̀ ń hùwà bí ẹni tó wọ mọ́tò wá láti òde òní.

Ẹ wo ìyàwó tuntun nínú agboolé kan n'Íbàdàn lọ́dún 1880. Òǹkọ̀wé á ní ó ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀ pé, "Àkànní, wá jẹun." Ó tì o! Ọmọ tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyàwó kì í pe orúkọ rẹ̀, ńṣe ló máa ń fún un ní orúkọ tirẹ̀: Adúmáadán fún èyí tó dúdú tó ń dán, Eyínfúnjowó fún èyí teyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ, Ìbàdíàrán fún ọmọbìnrin. Orúkọ kan ṣoṣo yìí ń ya àwòrán ọmọ náà, ó sì ń fi ojú tí ìyàwó fi ń wò ó hàn wá. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wá la ẹnu pe Eyínfúnjowó ní Àkànní gan-an, òǹkàwé ti mọ̀ pé ilé ti dàrú. Kò sídìí láti tún kọ ọ́ pé inú ń bí i.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Wọ́n á ní obìnrin kan so ọ̀kẹ́ kan mọ́ etí ìró, ó sá lọ lóru. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, okùn márùn-ún ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. 20,000 ẹyọ nìyẹn, ẹrù orí odindi ènìyàn ni! Àfi kó wá aláàárù, aláàárù náà sì lẹ́nu. Ẹ̀dá ìtàn tuntun ti wọlé báyẹn, ewu sì ti bá a wọlé.

Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí "Kábíyèsí Olúbàdàn" láyé ìgbà náà. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ń darí ìlú. Ọdún 1936 ni oyè Baálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olúbàdàn.

Kí òǹkọ̀wé tó kọ gbólóhùn kan, kó kọ ojú ewé kan lórí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ ìdílé rẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí, ẹni tó lè pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀yìn èyí ni kó sọ ọ́ lórúkọ. Tó bá pè é ní Àyántúndé, a ó máa retí ìlù. Tó bá jẹ́ Ọ̀jẹ́wálé, a ó máa retí eégún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gba ojú ewé yìí lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ ìtàn wọn jáde.

Èmi ni olùkà yín,
Ìbàdàn