Èsúnsún ti jáde lọ́dọ̀ wa

Ìbàdàn,
13 Oṣù Igbe.

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí baálé rẹ àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà tí o kọ láti Leeds tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ara gbogbo yín le. O ní àwọn ọmọ rẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní ọyẹ́, ó sì ń dùn ọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé tèmi fún ọ.

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an tí ètè gbogbo wa ń là, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 7, bi mí léèrè ọjọ́ tí òjò dídì yóò bẹ̀rẹ̀. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ ọ pé ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún, ó sì lè ka orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tó ń fẹ́ lù ú lójú, tó ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ojú fèrèsé wa, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ. Èmi tí mo ń mú un lọ́wọ́ jáde lójoojúmọ́ tí n kò fi nǹkan kan hàn án ni mo jẹ̀bi.

Láti ìgbà náà ni èmi, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a kì í sì í kọjá ẹ̀yìnkùlé wa àti ọ̀nà odò. Agbálùmọ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí àsìkò rẹ̀ ni. Mo fi ọ̀bẹ là á ní ìdábùú, wọ́n sì rí i bí kóró rẹ̀ ṣe tò yípo bí ìràwọ̀. Nígbà tó di oṣù Èrèlé, àràbà tó wà létí ọ̀nà ti wọ́wé tán, èso rẹ̀ là, òwú rẹ̀ sì ń fẹ́ kiri inú afẹ́fẹ́, ni ọmọkùnrin náà bá pariwo pé òjò dídì tí ẹ̀gbọ́n òun ń bèèrè ti dé.

Ṣùgbọ́n èsúnsún gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá kan rọ̀ ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, a gbé bàsíà omi sí abẹ́ gílóòbù níta, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ya bò wá. Ìyẹ́ mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ó tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, bí wọ́n bá sì ti balẹ̀ tán ni wọn yóò bọ́ ọ sílẹ̀, tí wọn yóò máa rìn ní méjì-méjì, abo níwájú, akọ lẹ́yìn rẹ̀ tímọ́tímọ́. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ibi tí wọn yóò gbẹ́ ihò sí ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè di ọba àti ayaba ilé ikán tuntun. Ọmọ mi obìnrin mú tọ́ọ̀ṣì, ó fi ìkúnlẹ̀ tẹ̀ lé méjì kan títí wọ́n fi wọ inú ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kó sínú omi la fi iyọ̀ díẹ̀ yan, láìfi òróró sí i, nítorí ọ̀rá ara wọn tó wọn.

N kò sọ pé kí a má kó ọmọ lọ wo ẹranko ní ọgbà Yunifásítì. A ti lọ. Ṣùgbọ́n kìnnìún inú àhámọ́, bákan náà ló rí lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

Fọlákẹ́, àwọn ìgbà mẹ́rin tí ọmọ mi ń kà sórí, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n wà. Mú àwọn ọmọ jáde, kí o sì sọ orúkọ ohun tí ẹ bá rí fún wọn ní Yorùbá bí o bá mọ̀ ọ́n. Nínú oṣù yìí gan-an ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń padà dé ọ̀dọ̀ yín láti gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn tó ti fò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà kan náà tó ń fi eruku ránṣẹ́ sí wa. Kí àwọn ọmọ máa wojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí wa ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i. Ọmọ mi ti fa ìlà sí ojú ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó fi ààyè sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bísí