Ẹ̀yin tó ń ta mọ́tò, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbowó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé òun fẹ́ ra mọ́tò ní Kubwa níbí, mo bi í pé mẹkáníìkì wo ló máa bá a lọ, ó ní kò sí, pé ọmọ Ìbàdàn lẹni tó fẹ́ tà á fóun, pé àwọn jọ ń sọ Yorùbá ni. Àyà mi já. Ohun tó gbé èmi gan-an sínú kòtò lọ́dún 2021 nìyẹn.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Àbújá máa mọ̀, tó o bá ti wà láàárín Hausa, Gbagyi àti Igbo látàárọ̀, kí ẹnì kan ṣáà ti kí ẹ pé "ẹ káàárọ̀ sà," ara ẹ á balẹ̀. Bí díílà yẹn ṣe mú mi nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ní mọ́tò náà ò gbá nǹkan kan rí, arúgbó òyìnbó kan ló ń wà á ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò ń dán, inú ẹ̀ ń ta sánsán, mo yá owó kọpurétíìfù lé èyí tí mo ní, mo sì sanwó lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Kò pé oṣù mẹ́ta, gíà ò wọlé dáadáa mọ́, iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn ó ń kú bó ṣe wù ú. Mo wọ́ ọ lọ sí Apo Mechanic Village. Nígbà tí mẹkáníìkì ká káápẹ́ẹ̀tì abẹ́ sítì, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà níbẹ̀, irin tí sítì jókòó lé ti dípẹtà, ẹnu wáyà ti di àwọ̀ ewé. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, omi ti gbé mọ́tò yìí mì rí." Àṣé òórùn dídùn tí mò ń gbọ́, òórùn omi ni wọ́n fi bò. Ọmọ mi wá kọ VIN ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti wà lákọsílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé omi ló bà á jẹ́, ínṣọ́ọ̀ránsì ti sanwó fólówó ẹ̀, wọ́n sì ti tà á ní gbàǹjo. Ìjì bíi Harvey tó da omi bo Texas lọ́dún 2017 máa ń ba mọ́tò rẹpẹtẹ jẹ́, irú ẹ̀ lẹni tó fẹ́ jèrè máa rà lówó pọ́ọ́kú, á fọ̀ ọ́, á kùn ún, á wá tà á fẹ́ni tí ò mọ̀.

Mo padà lọ bá díílà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ, torí ohun tóun rí kọ́ lèmi rí. Ká ní ó sọ ọ́, mo lè dín owó kù tàbí kí n máa bá tèmi lọ. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ò sì fàyè gba kéèyàn fi irọ́ tajà. Ọ̀rẹ́ mi kan ra mọ́tò lọ́wọ́ Alhaji kan ní Zuba, Alhaji yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ pé wọ́n ti tún ilẹ̀kùn ọ̀tún kùn torí ó gbá nǹkan, pé AC ò tutù tó, wallahi, kó lọ mú mẹkáníìkì ẹ̀ wá. Ẹni tí wọn ò jọ sọ èdè kan náà o!

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru díílà ṣá. Èmi ni mi ò mú mẹkáníìkì dání. Ó ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí n tó dé, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá tutù láàárọ̀ lariwo burúkú máa ń jáde. Mi ò fi VIN iwájú wé tẹnu ilẹ̀kùn àti tinú ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù. Ẹ má fi ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù yẹn ṣeré o, pàápàá àwa tá a wà lókè Ọya níbí, àtoṣù January 2017 nìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, èyí tó bá yọ́ gba ọ̀nà Jibia wọlé, tí wọ́n bá mú un lójú ọ̀nà, ọwọ́ ìwọ tó ò ń wà á ni wọ́n á ti gbà á, ẹni tó tà á ti náwó tán. Ohun tí díílà bá sì fẹnu sọ, pé kò gbá rí, omi ò wọ̀ ọ́ rí, ẹ ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì kó sáìnì. Tó bá ní òun ò kọ, ẹ dìde.

Olóòtú, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ pe ẹnì kan láti FCCPC, Àbújá níbí lolú iléeṣẹ́ wọn wà, kó wá fi Yorùbá ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yín béèyàn ṣe ń fẹjọ́ sùn àti ìwé tó máa kó dání. Ọ̀pọ̀ wa ní Kubwa, Nyanya àti Mararaba ò mọ̀ pé wọ́n wà rárá, èmi náà ò mọ̀ nígbà tọ́rọ̀ tèmi ṣì gbóná. Àbúrò tí mo sọ yẹn ò tíì sanwó. Sátidé la jọ ń lọ, èmi, òun àti mẹkáníìkì mi láti Apo.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.