Kì í ṣe ìkà ló sọ ẹ̀bùn di májèlé

Sí Olóòtú,

Mo ka ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé ọmọ tó bá ń jẹ́ Gift kò gbọdọ̀ gbé orúkọ náà wọ Jámánì, torí pé májèlé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni, májèlé ni. Àmọ́ ó tún ní ìkà inú òyìnbó ló mú kí wọ́n sọ ẹ̀bùn di májèlé. Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi náà kọ́kọ́ ṣì í mú o. Nígbà tí mo lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin mi ní Hamburg, ní Jámánì, mo rí páálí kan nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ya èkúté sí i lára, wọ́n kọ Rattengift sí i. Mo ní, "Ẹ̀bùn èkúté kẹ̀? Àwọn ará ibí yìí mà láàánú o!" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, oògùn eku ni." Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ni mí, ìwé atúmọ̀-èdè ni mo sì fi ọ̀rọ̀ náà lé dé.

Ara "geben", ìyẹn "fún" lédè Jámánì, ni Gift ti jáde, bí "gift" Gẹ̀ẹ́sì ṣe bá "give" tan. Ohun tí a fi fúnni ni wọ́n látilẹ̀. Àwọn Gíríìkì ní tiwọn ń pe fífúnni ní "dosis", àwọn oníṣègùn wọn sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n bù fún aláìsàn. Látìnì gbà á lọ́wọ́ wọn, Jámánì sì fi Gift tirẹ̀ tẹ̀lé àpẹẹrẹ náà. Nígbà tó yá, ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ májèlé á kàn pè é ní ohun tí wọ́n fún lágbájá. Àdàpè lásán ni, bí ìgbà tí a bá ní ọmọ olè ń fẹ́wọ́.

Ṣé àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Bí ẹnì kan bá jẹun lóde ayẹyẹ, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì mọ́ bá a, ta ló ń dárúkọ májèlé? "Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ" la máa ń wí, ohùn á sì lọ sílẹ̀. Fún, fún náà ni! Bákan náà, oògùn tó ń wo ibà ló ń jẹ́ oògùn eku. "Pharmakon" tàwọn Gíríìkì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ń wòsàn, ó ń pani. "Poison" tí Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ Faransé kò sì ju ohun mímu lásán lọ nígbà tó wà ní Látìnì.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyàwó, ni òǹkọ̀wé yín kàn fẹnu bà lásán. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, owó orí ìyàwó ni "gift". Bí "yift" ni wọ́n sì ń pè é, pẹ̀lú "y" inú "ìyá", kí èdè àwọn Viking tó wá tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn England tó mú "g" líle wọ inú rẹ̀. Ó wá yí biiri: ní Sweden àti Norway lónìí, tó wà lára ilẹ̀ tí àwọn Viking ti wá, àwọn gan-an ló ń pè é ní "yift". Jámánì pàápàá ṣì ní Mitgift, ẹrù tí òbí ìyàwó fi ń sìn ín lọ sílé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé májèlé wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Holland ní tiwọn ń pe ọrẹ ní gift, májèlé ni gif.

Ẹ jọ̀wọ́, àtúnṣe kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ rèé. Òǹkọ̀wé yín ní "ìyàwó" ni gift ní Sweden. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣègbéyàwó ni, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ìbáà jẹ́ obìnrin, torí fífi ọmọ fún ọkọ, tí àwa náà ń sọ, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Májèlé náà tún ni gift níbẹ̀, wọn kì í sì í yé fi méjèèjì dápàárá. Ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó ni "ogift". Nítorí náà, bí Gift ọmọ wa bá dé Stockholm láìtíì lọ́kọ, tí wọ́n bi í bóyá ó ti relé ọkọ, Gift ni orúkọ rẹ̀, ogift ni yóò dáhùn.

Ire o,
Ìyá Olùkọ́ kan,
Ìbàdàn