Lẹ́tà gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn: ẹ wọn ìdọ̀tí ìlú wa, kí ẹ sì kéde iye rẹ̀

Ẹ̀yin olórí wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ọmọ Ìbàdàn tí a kóra jọ ní London la kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ilé ni, a sì fẹ́ kí ará ilé bá wa dá sí i, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ ní gbangba.

Bí òjò bá ti rọ̀ tí gọ́tà kún, ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò ni pé aráàlú ló ń dalẹ̀ sójú àgbàrá. Òótọ́ ni. A kò gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tó gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ, a kò sì gbàgbé ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Òjò pọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, àmọ́ pàǹtí ti dí ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n dà á sí? Ìyá ọ̀kan nínú wa ń san owó akólẹ̀ lóṣooṣù ní Òkè-Àdó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì lè kọjá kí ọkọ̀ tó yọjú. Àpò á kún, ìdin á máa yọ, ajá á fà á ya. Ọmọ tó ń ti ọmọlanke ni màmá máa ń pè nígbẹ̀yìn. Á gba owó díẹ̀, á gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kì í bi í pé ibo ló dà á sí.

Àwọn ará England kò fẹ́ràn ìmọ́tótó jù wá lọ. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ìdá 11 péré nínú 100 ìdọ̀tí ilé wọn ló ń lọ fún àtúnlò. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti kọjá 40. Ìjọba ló fà á. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti bu owó orí lé ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà sí kòtò ààtàn: pọ́n-ùn 7 lórí tọ́ọ̀nù kan nígbà náà, ó ti lé ní 126 lọ́dún 2025. Káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, tí kò bá fẹ́ kí owó yìí wọ òun lọ́rùn, dandan ni kó gbé àpótí ìgò, bébà àti agolo dé ẹnu ọ̀nà onílé, kó sì dá ọjọ́ tí ọkọ̀ máa wá. Ìgbà tí ìjọba England wá dẹwọ́, iye náà dúró sójú kan, ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tó ti ń yí nídìí 44. Wales, aládùúgbò wọn, fi òfin de àwọn káńsù tirẹ̀, ó ń gba àjẹkù oúnjẹ lọ́tọ̀ láti ilé dé ilé, ó sì ti kọjá 60.

Nílé, ta ni kò mọ àtúnlò? Obìnrin Ìbàdàn kì í da ìgò nù nígbà tí ẹlẹ́pà àti ẹlẹ́po wà tó máa rà á. Èèpo iṣu àti ti ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Oníkòǹdẹ́mù ń ké kiri àdúgbò, ó ń ra irin, bátìrì àti ìkòkò tó ti lu. Ní ààtàn Awótan àti Lápité, láàárọ̀ kùtù lẹ máa bá àwọn tó ń ṣa ike, nínú èéfín, láìní ìbọ̀wọ́. Àwọn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìpínlẹ̀ wa. Ẹ má lé wọn. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ fún wọn ní bàtà àti ìbọ̀wọ́, àti ibi tí wọ́n ti máa wọn ẹrù wọn kí àwọn tó ń rà á má baà rẹ́ wọn jẹ.

Èyí tó ká wa lára jù ni òṣùwọ̀n. Ẹ ri ìwọ̀n ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ààtàn ìjọba, kí ọkọ̀ kankan má wọlé láìgùn ún, kí ẹ sì máa gbé iye rẹ̀ jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìjọba ìbílẹ̀ 11 Ìbàdàn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Níbí, a lè ka ti káńsù wa, kí a sì bi wọ́n léèrè. Ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ akólẹ̀ fún náà, iye ìgbà tó bá wá ni kó gbowó lé lórí. Wọ́n sì ti fi ìdọ̀tí ọjà Bódìjà ṣe ajílẹ̀ rí, kí ló dé tí kò tàn dé gbogbo ọjà yòókù?

Àwọn kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ akólẹ̀ ní káńsù, wọ́n ṣetán láti bá òṣìṣẹ́ yín jókòó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Kí òjò tó tún le, ẹ jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ máa wá ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwa ni tiyín,
Alága àti akọ̀wé, lórúkọ àwọn ọmọ Ìbàdàn tí ń gbé ní London