Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Iṣẹ́ Mystery Shopping Lásìkò Ọ̀dá Owó

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kí yín o. Ọ̀pọ̀ yín ló ń béèrè ìdí tí iṣẹ́ mystery shopping, ìyẹn ká lọ ṣe bí oníbàárà ká sì ròyìn ohun tá a rí fún iléeṣẹ́ tó rán wa, fi wọ́n. Bí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀, owó tí iléeṣẹ́ fi ń rán wa lọ ṣe bí oníbàárà wà lára ohun tí wọ́n tètè máa ń gé. Ẹni tó ń rán wa lóṣooṣù lè sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Àwọn tí kò gé e gan-an, èèyàn tó ń du iṣẹ́ wọn ti pọ̀ sí i, ọ̀yà sì ń já wálẹ̀.

Ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó gbà. Ká fowó ara wa jẹun nílé oúnjẹ, kí wọ́n tó dá a padà lẹ́yìn oṣù méjì, gbèsè ni. (Èmi akọ̀wé yín ti ṣe irú ẹ̀ rí, mo tún kọ ìròyìn ojú ìwé mẹ́fà lé e.)

Èyí tó burú jù: àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé ojú ń pọ́n èèyàn. Wọn á fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ bíi pé iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún yín, wọn á ní kẹ́ ẹ san án sí àkáǹtì yín, kẹ́ ẹ fi owó rẹ̀ ra káàdì ẹ̀bùn (gift card), kẹ́ ẹ sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì náà fún wọn, èyí tí wọ́n á fi ná owó inú rẹ̀. Owó ṣẹ́ẹ̀kì náà lè hàn nínú àkáǹtì yín kíákíá. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí báńkì tó rí i pé ayédèrú ni ṣẹ́ẹ̀kì náà, ọrùn yín ni gbèsè á sì wà. Ojúlówó iléeṣẹ́ kì í gba owó ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí iṣẹ́ kan bá rú yín lójú, ẹ fi hàn wá kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́