Lẹ́tà sí Àníkẹ́ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Sọ Di Máníjà

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe máníjà ní ẹ̀ka ìṣirò owó. Olúwa yóò fẹsẹ̀ rẹ múlẹ̀ níbẹ̀. Àárín ni o wà báyìí: ọ̀gá ń bẹ lókè rẹ, ọmọ iṣẹ́ ń bẹ lábẹ́ rẹ. Ọ̀dọ̀ ẹni àárín sì ni àṣẹ burúkú máa ń gbà kọjá kó tó di iṣẹ́ ọwọ́.

Mo fẹ́ kí o mọ ìtàn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní WorldCom, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, l'Amẹ́ríkà. Akántáǹtì ni Betty Vinson. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n fi gègé gé $828 mílíọ̀nù kúrò nínú ìnáwó ilé-iṣẹ́ nínú ìwé, kí èrè lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó tilẹ̀ ń rò ó láti fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Owó oṣù rẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé jù, ó bá dúró. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn kò tán títí ó fi wọ ọdún 2002. Nígbà tó di 2005, ilé ẹjọ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù márùn-ún. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, nítorí èèyàn burúkú kọ́.

Cynthia Cooper ni olórí àwọn ọ̀dítọ̀ inú ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà. Lọ́dún 2002, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi òru yẹ ìwé wò. Wọ́n rí i pé owó tí wọ́n ń san láti fi lo wáyà ilé-iṣẹ́ mìíràn, ohun ìní ni wọ́n kọ pé àwọn fi rà, kí ìnáwó ọdún náà lè dà bí ẹni pé ó kéré. Scott Sullivan, ọ̀gá àgbà ètò owó, ní kó sún àyẹ̀wò náà síwájú. Kò gbà. Kò bá a fa wàhálà o. Ó kó ẹ̀rí jọ, ó gbé e tọ Max Bobbitt, alága ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò owó láàárín àwọn dírẹ́kítọ̀. Ní oṣù Kẹfà, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé èrú náà tó $3.8 bílíọ̀nù.

Àníkẹ́, "ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan" ni kí o bẹ̀rù jù. Máa kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ kan bá rú ọ lójú, sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ímeèlì." Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní kọ ọ́. Má dá ọ̀rọ̀ náà gbé sínú, wá ẹni tó mọ òfin iṣẹ́ yín. Èyí tó ń dùn mí jù ni kí máníjà mọ̀ pé nǹkan kò mọ́, kó wá tì í sí ọmọdé abẹ́ rẹ̀ pé kó fọwọ́ sí i. Má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Láti oṣù yìí, máa yọ díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù rẹ, títí yóò fi tó yín jẹ fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nípamọ́, ó ṣòro kó tó lè sọ pé rárá. Èmi àti bàbá rẹ sì ti sọ ọ́: bí wọ́n bá dá ọ dúró nítorí òtítọ́, àwa ni yóò san owó iléèwé àwọn ọmọ títí wàá fi ríṣẹ́ mìíràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.